Ọjọ́ Tí Wọ́n Yọ Eyín Aránṣọ

Òwú tí nọ́ọ̀sì kì sí aránṣọ lẹ́nu ti rin gbingbin kí wọ́n tó délé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ wú bí ẹni tó fi ọsàn pamọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́ ló gbà á lọ́kàn. Ahọ́n ni. Ahọ́n náà gbẹ débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, bó bá sì fẹ́ yà á kúrò níbẹ̀, ńṣe ló ń dún nínú etí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ya bébà. Wọ́n ní kó má jẹun kó tó wá, kò jẹun. Ó sì ti la ẹnu sílẹ̀ fún ìdajì àárọ̀ lórí àga àwọn oníṣègùn eyín. Itọ́ kan ò sun níbẹ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló ṣáájú wọlé. Mẹ́sẹ́ńjà ni ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì ńlá kan, orúkọ iṣẹ́ yìí ni gbogbo àdúgbò sì fi ń pè é. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá ọ̀gá kan dé yàrá ọ̀gá mìíràn, kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀ rí. A máa sọ pé bébà lè bọ́ sọnù, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tí orí rẹ̀ bọ́ sọnù lọ́nà. Lónìí, ó tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti sin ìyàwó rẹ̀ lọ yọ eyín ẹ̀yìn kan tó ti ń dà á láàmú láti oṣù mẹ́ta, ó sì ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ìrìn ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ńlá rán.

"Ẹ kú ilé o. A ti yọ ọ́."

Ìyá àgbà, ìyá tó bí Mẹ́sẹ́ńjà, wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹ káàbọ̀. 'A ti yọ ọ́' kẹ̀? Ṣé wọ́n yọ tìrẹ náà mọ́ ọn ni?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn."

Ọmọbìnrin wọn ti dìde. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́, iléèwé wọn sì wà ní ìsinmi. Ó gba báàgì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì mú un jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ara ìyá náà ti máa ń balẹ̀ jù. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ó dùn yín gan-an? Ẹ má dáhùn, ẹ má dáhùn. Bàbá mi, kí ni wọ́n ní kí Màmá máa ṣe?"

Mẹ́sẹ́ńjà kó ọwọ́ sẹ́yìn, bó ti máa ń ṣe níwájú àwọn ọ̀gá.

"Ẹ fara balẹ̀ kí n jíṣẹ́. Ohun mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì sọ. Ìkíní: kò gbọdọ̀ mu omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìkejì: kí ó fi omi iyọ̀ gbígbóná yọ ẹnu dáadáa, kí ìdọ̀tí ibẹ̀ lè bá a jáde. Ìkẹta: kí a máa fi aṣọ gbígbóná jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ìkẹrin..."

Aránṣọ gbé orí sókè.

Òun náà wà níbẹ̀ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ọ̀hún dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí wọ́n yọ eyín rẹ̀, ó sì kọjú sí ọkọ. "Bàbá, ẹ̀yin ni kí ẹ gbọ́ o, torí ẹnu wọn ò yá." Èrò ń kan ilẹ̀kùn. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ iléèwé: lónìí, kí wọ́n máa fi omi tútù tọ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀ nítorí gbígbẹ, kí wọ́n má fa nǹkan mu, kí wọ́n má yọ ẹnu, kí wọ́n má tutọ́, ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò yẹn ni ìdérí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ṣí, yìnyín tí a fi aṣọ wé ni kí ẹ máa gbé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, lọ́la ni kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lo omi iyọ̀, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná, kí wọ́n gbé orí sókè sùn. Mẹ́sẹ́ńjà dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀mẹfà. Aránṣọ kà á.

"Mm-mm," aránṣọ wí, ó ń mi orí.

"Orí ń fọ́ ọ?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Mm-mm." Ó fa àjákù aṣọ dúdú kan yọ nínú apẹ̀rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ tó fi ń sàmì sí aṣọ, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà síbẹ̀.

"Lọ́la," ọmọ rẹ̀ kà á.

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́la?" Ìyá àgbà bèèrè. "Ṣé òmíràn tún wà tí wọ́n máa yọ ni?"

Aránṣọ tún kọ ọ̀rọ̀ méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Omi iyọ̀. Lọ́la." Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, Màmá ní lọ́la ni wọ́n ní kí àwọn lo omi iyọ̀, kì í ṣe òní."

Mẹ́sẹ́ńjà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ìyá ọmọ mi, jọ̀ọ́. Ta ni nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀? Èmi ni, àbí ìwọ?"

Ìbéèrè náà gún régé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì ní. Aránṣọ nawọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Ó tán. Ṣé ẹ rí i?"

"Bàbá mi, Màmá ṣáà wà níbẹ̀."

"Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, kí ló kù tó mọ̀?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n gún, sà. Wọn ò gún etí."

"Ìwọ olùkọ́ yìí, tí wọn ò tíì fún ní ọmọ iléèwé kan ṣoṣo! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń jíṣẹ́. Ọ̀gá mẹ́sàn-án ló ti kọjá lórí mi. Èwo nínú wọn ló sọ pé òun rán mi sápá òsì, mo lọ jẹ́ ẹ sápá ọ̀tún? Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

"Wọn ò wá fún yín ní bébà kankan tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí?"

"Wọ́n mú un wá."

"Ó dà?"

"Mo dá a padà. Mo ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ẹni tí orí rẹ̀ ń jò."

Ìyá àgbà pa ẹ̀wà tì. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo ẹ̀wà, ó yọ òkúta kan, ó sì jù ú sílẹ̀.

"Nọ́ńbà fóònù wọn ńkọ́?" ọmọ náà bèèrè.

"Ó wà lára bébà."



Nígbà tó di ọ̀sán, aránṣọ fẹ́ fi iṣẹ́ gbàgbé ara rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́, ó fa òwú, ó sì fi orí òwú náà sáàárín ètè, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí ó lè tutù, kí ó sì ró ṣánṣán. Òwú náà jáde bó ti wọlé. Ó gbẹ, orí rẹ̀ sì tú ká bí irun. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lórí tábìlì ìjẹun, jọ́ọ̀gì omi tútù kan wà níbẹ̀, omi ń sun lára rẹ̀, ó ń ṣàn sórí aṣọ tábìlì. Mẹ́sẹ́ńjà ti gbé àga ti ibẹ̀. Ó jókòó ti jọ́ọ̀gì náà bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ báńkì. Oòrùn mú, òùngbẹ sì ń gbẹ òun náà. Ó bu ife kan, ó mu ún. Ó bu èkejì.

"Bàbá mi," ọmọ rẹ̀ wí, "bí ẹ bá máa mu ún, ẹ má mu ún lójú wọn."

"Ṣé èmi ni wọ́n yọ eyín mi ni?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní 'a ti yọ ọ́'."

Ìyá àgbà wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ń yan búrẹ́dì nílé kejì, fi wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìyẹ̀fun funfun dé e ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, ó sì di búrẹ́dì rírọ̀ kan mọ́ abíyá.

"Aránṣọ mi! Wọ́n ní wọ́n ti dín ọ kù. Jẹ́ n wò ó. Yéè! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rèé bí búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ààrò. Ó dáa náà, ó tó kí ẹnì kan pa ẹnu mọ́ nínú ilé yìí."

"Ẹ má pa á lẹ́rìn-ín o," Ìyá àgbà wí, "ẹ̀jẹ̀ lè dà."

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Adìyẹ ń jẹ àgbàdo, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹẹrẹ mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì? Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù ọ́, ó tó o jẹ." Ó yọ ìgò ohun mímu dídùn kan nínú àpò aṣọ ìdáná rẹ̀, ó ki sitírọ̀ bọ̀ ọ́. "Inú fíríìjì ni mo ti mú un. Fi sitírọ̀ yìí fà á, kò ní kan ojú egbò."

Aránṣọ wo ìgò náà. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbé nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mì. Ó nawọ́ sí sitírọ̀, ó mi orí; ó nawọ́ sí jọ́ọ̀gì omi tútù, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò fẹ́ kẹ̀?"

"Wọ́n ní kó má mu omi rárá," Mẹ́sẹ́ńjà wí.

"Màmá ní wọ́n ní kí àwọn má fa nǹkan mu ni," ọmọ wí. "Wọ́n ní omi tútù dára."

"Ta wá ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀?" Mẹ́sẹ́ńjà bi í.

Ìyá Oníbúrẹ́dì fìdí kalẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó jókòó. "Hẹn. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, dókítà ní ta ni mo bá wá. Mo ní ara mi ni mo bá wá. Ó ní rárá, òun ń fẹ́ ẹni tí òun máa ṣàlàyé fún. Mo ní, dókítà, ikùn ta lẹ fẹ́ là? Ó tún ń wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọkùnrin kan fẹ́ yọ. Àfi ìgbà tí mo lọ pe ọkọ àbúrò mi tó ń tún bàtà ṣe, tó wá jókòó, kí wọ́n tó là á lẹ́sẹẹsẹ fún un. Ó ń mi orí, ó ń ní 'bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni'. Nígbà tá a jáde, mo ní kí ni wọ́n sọ? Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn ibẹ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́.'"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà kò rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ àbúrò yín kì í ṣe mẹ́sẹ́ńjà."

"Òótọ́ ni. Bàtà ló ń ṣe. Òun a máa wo ẹsẹ̀ oníbàtà kó tó sọ ìwọ̀n rẹ̀." Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀. "Ó dàbọ̀, aránṣọ mi. Fi wàrà tútù rẹ búrẹ́dì yẹn bó o bá fẹ́ jẹ ẹ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò bá èmi náà sọ̀rọ̀."

Ó jáde. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ gbé omi kaná.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná," ọmọ wí.

"Kí n dúró de kí ni? Iyọ̀ ò pa ènìyàn rí. Iyọ̀ la fi tọ́jú ẹnu tèmi, lọ́jọ́ náà gan-an tí wọ́n bá ti yọ ọ́, bó ti ń gbóná fẹlifẹli."

"Eyín mélòó ló kù yín lẹ́nu, mà?"

Ìyá àgbà fi ahọ́n kà á. "Mẹ́rin."

 Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ó tó gẹ́ẹ́," Mẹ́sẹ́ńjà wí. "Mo ní kó yọ ẹnu. Bí ojú egbò yẹn bá kẹ̀, ta ni wọ́n máa bi léèrè? Èmi ni. Èmi ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́."

"Bàbá mi, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé níbi tó jókòó sí."

"Èmi lò ń pa òwe fún? Nínú ilé mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bu ife omi tútù kan fún wọn, kí ahọ́n wọn lè rọ̀..."

"Fọwọ́ kan jọ́ọ̀gì yẹn kí o rí i! Bó o bá fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ ní àfojúdi ni wàá ti sùn lónìí!"

Ọwọ́ ọmọ náà ti wà lára jọ́ọ̀gì. Kò gbé e kúrò. Bàbá rẹ̀ dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ omi iyọ̀, ooru rẹ̀ ń gùn ún lójú, kò sì mọ ẹni tí òun ì bá bẹ̀. Aránṣọ wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó mọ ibi tí irú èyí máa ń já sí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí abọ́ náà.

Ẹni tó bá wò ó yóò ní àlàáfíà ilé ló ń wá, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n omi ni omi ń jẹ́. Láti àárọ̀, omi kan ṣoṣo tí ilé náà fẹ́ fún un ni èyí.

Ó yọ òwú. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Èrò rẹ̀ ni pé kó kàn gbé e dání níbẹ̀, kí ahọ́n lè rẹ.

"Má gbé e jẹ́ẹ́!" Mẹ́sẹ́ńjà wí. "Ṣàn án! Ṣàn án dáadáa! Tu ú. Bu òmíràn."

Ó ṣàn án. Ó tu ú sínú bàsíà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bu òmíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan kan ṣí kúrò níbi ihò eyín náà, ó yọ̀ kọjá lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì bọ́ sínú bàsíà. Ó dúdú, ó ń dán, kò ju ẹ̀dọ̀ ẹyẹ kékeré lọ.

"Ẹ wá wò ó!" Mẹ́sẹ́ńjà fi ìka hàn án. "Ìdọ̀tí rèé! Kí ni mo wí? Kí ni mo wí fún yín?"

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ wo inú bàsíà. Ó pẹ́ kó tó nà ró.  Ó gbé bàsíà náà lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ dà á nù, kò sì tètè padà.

Ìtura náà kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Iyọ̀ a máa béèrè omi. Ahọ́n tó rọ̀ náà tún le padà, ètè rẹ̀ là níbi méjì. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ihò eyín náà. Ó fi àjákù aṣọ kan nu ún, ó fi èkejì. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, ìrora ti kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti gun etí, ó ń wá ojú. Kò ké. Ó fi ẹsẹ̀ sórí ìtẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì ń rán afẹ́fẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló ń jáde," Mẹ́sẹ́ńjà wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́.

"Yóò jáde di ìgbà wo?" ọmọ rẹ̀ bèèrè.

"Wọ́n sọ ọ́."

"Ìkelòó nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

Mẹ́sẹ́ńjà kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ìkíní, kò gbọdọ̀ mu omi. Ìkejì, omi iyọ̀. Ìkẹta, aṣọ... Ó mẹ́nu ba aṣọ. Ó mẹ́nu ba yìnyín pẹ̀lú." Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀. "Aṣọ ni wọ́n fi ń wé yìnyín."

"Ìkẹrin ńkọ́, Bàbá mi?"

 Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọ tó gbàgbé àkọ́sórí níwájú kíláàsì. Ọmọ rẹ̀, tó máa ń ní èsì sí ohun gbogbo, bojú wolẹ̀. 

Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. Ó mú aṣọ funfun kan tó mọ́ tónítóní, ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gbé e sójú ihò náà, ó sì deyín pọ̀ mọ́ ọn. Ó fa ìborùn bo orí. Ó mú báàgì rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ọkọ rẹ̀ bi í. "Ìyá ọmọ mi, dúró, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè ti ti ilé ìwòsàn eyín náà? Ẹ bá mi dá a dúró!"

"Bàtà yín rèé, sà," ọmọ rẹ̀ wí.

Wọn ò tíì tì í. Ìjókòó àwọn aláìsàn ti ṣófo, ẹnì kan ń nu ilẹ̀, nọ́ọ̀sì àárọ̀ sì ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ìborùn tí ẹ̀jẹ̀ ti kán sí, ó tún aṣọ iṣẹ́ náà wọ̀. Ó gbé iná sí ẹnu aránṣọ, ó wò ó, ó pòṣé.

"Bàbá, ta ló ní kí wọ́n yọ ẹnu?"

Mẹ́sẹ́ńjà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé..."

"Èmi? Mo ní kí wọ́n má yọ ẹnu lónìí. Ìdérí ibẹ̀ ti lọ pátápátá. Ẹ fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí egungun wọn ni? Bàbá, mo sọ ọ́ fún yín! Ẹ ní 'bẹ́ẹ̀ ni'!"

"Mo ní 'bẹ́ẹ̀ ni'," Mẹ́sẹ́ńjà wí. Gbogbo ẹ̀bi tó lè gbà ní gbangba nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì pe dókítà. Wọ́n nu ibẹ̀, wọ́n gbá ẹ̀jẹ̀ tuntun jọ sójú rẹ̀, wọ́n di aṣọ tó ní oògùn mọ́ ọn. Dókítà ní bí èyí bá dúró di àárọ̀, wàhálà tán. Bí ó bá tún ṣí, ìrora ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jáde. Aránṣọ kò mira. Nígbà tí ó parí, nọ́ọ̀sì nu ọwọ́, ó yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ wá gbọ́ ọ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

Mẹ́sẹ́ńjà gbé ẹsẹ̀ kan.

Aránṣọ dìde lórí àga. Ó rìn kọjá lára nọ́ọ̀sì, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì rọra tì í. Ọkọ rẹ̀ wà ní òdìkejì. Ó padà wá jókòó.

"Èmi ni kí ẹ sọ ọ́ fún," ó wí. Ohùn rẹ̀ há bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́," nọ́ọ̀sì wí.

"Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n yọ eyín wọn látọjọ́ yìí wá, ó sì ti ń kọjú sí ẹni tó bá bá wọn wá, láìronú sí i rí. Ó fa àga, ó jókòó níwájú obìnrin náà, eékún kan eékún.

"Ó dáa, mà. Omi tútù..."

Aránṣọ gbé ìka kan sókè, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń mumi díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ìka kejì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu tó sú jọ bí ẹni ń fa nǹkan, ó mi orí. Ó gbé ìkẹta. Ó gbé ìkẹrin. Kò yẹ̀ lórí ọ̀kan.

"Ṣé ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ni?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi yọ ẹnu?"

 Aránṣọ ń wo ife omi tó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tẹ̀lé ojú rẹ̀ débẹ̀. Ó dà á nù, ó fọ ife, ó bu omi tútù mìíràn sí i, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.  Ó tọ́ ọ wò, kò fà á. Ó jẹ́ kó ṣàn wọlé fúnra rẹ̀, lábẹ́ ahọ́n, sí ìhà òsì, sẹ́yìn. Ó di ojú. Ó gbé e mì. Ó tún tọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í títí ife fi ṣófo, kò sì wo aago.

Nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti rọlẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ó ń rìn lọ.

"Sọ ọ́ fún mi kí n lè jẹ́ ẹ nílé. Wọ́n máa bi mí. Ìyá ọmọ mi, ó kéré tán, fi ọwọ́ júwe rẹ̀."

Kò yíjú padà. Wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀ di àárọ̀, ó sì ń pa á mọ́.

Ìyá àgbà àti ọmọ náà ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ kọjá láàárín wọn, ó wọlé tààrà sídìí tábìlì, ó gbé jọ́ọ̀gì, ó sì bu omi fún ara rẹ̀. Àwọn tó kù yíjú sí Mẹ́sẹ́ńjà.

"Kí ni wọ́n sọ?" ìyá rẹ̀ bi í.

Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ya ẹnu. Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mi ò sí níbẹ̀," ó wí.